Pátákó Ìyá Mi Nínú Fíìmù

Ẹ má wulẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ fíìmù. Bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé òun fẹ́ lọ wo ibi tí wọ́n ti ya fíìmù báyìí báyìí, pé òun fẹ́ dúró síbi tí òṣèré kan dúró sí, pé òun fẹ́ ya fọ́tò lẹ́nu géètì tí òun rí nínú tẹlifíṣàn, inú a máa bí mi. Mo máa ń fẹ́ bi í léèrè pé ṣé o mọ ẹni tó ń gbé inú ilé yẹn, ṣé o mọ iṣẹ́ tó ń ṣe kí àwọn oníkámẹ́rà tó débẹ̀. Kò mọ̀, kò sì fẹ́ mọ̀. Èmi mọ̀, torí ilé tiwa ni wọ́n lò.

Ìkòsí la wà, ní Kẹ́tú, ní àwọn ọdún tí fíìmù orí síídì gbòde kan, tí ilé tó bá ní tẹlifíṣàn kì í sinmi àlejò. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Ilé tó ń kọ́ kò tíì parí nígbà tó lọ. Ìsàlẹ̀ ti dára, a ti rẹ́ ẹ, a ti kùn ún, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù lásán ni òkè, ojú fèrèsé ṣófo, kò sì sẹ́ni tó ń gòkè lọ àfi tí òjò bá rọ̀ tí a fẹ́ lọ gbọ́n omi tó dúró síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ lèmi àti ìyá mi ń gbé. Pálọ̀ iwájú, ìyá mi kó àga kúrò níbẹ̀, ó tẹ́ ẹní síbẹ̀, ó sọ ọ́ di jẹ́lé-ó-sinmi.

Àwọn obìnrin tó ń tajà ní Mile 12 ló ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà. Tírélà tó ń kó ata àti tòmátò bọ̀ láti òkè Ọya kì í dúró de kí ilẹ̀ mọ́ tán. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọjà tó dáa rà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń já ẹrù, kò sì sí ilé ìwé tó ń ṣílẹ̀kùn lásìkò yẹn. Ìyá mi ń ṣí i. Wọ́n á gbé ọmọ wá toorun-toorun, wọ́n á gbé e lé ìyá mi lọ́wọ́ lẹ́nu géètì, wọ́n á ní, "Mummy, ẹ bá mi fún un ní ògì o, kò tíì fẹnu kan nǹkan kan," wọ́n á sì ti yára kọjá. Oníkálukú wọn a máa fi ìborùn tó fi sùn mọ́jú sílẹ̀ fún ọmọ tiẹ̀, kí ọmọ lè máa gbóòórùn ìyá rẹ̀ tó bá ń sùn. Ìyá mi ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ó mọ ìborùn ọmọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣì í fún wọn.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni ìyá mi, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn ìyá ọmọ wọ̀nyẹn, kò sì sí ẹni tí ìyẹn kàn. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní poli ni, mò ń dúró kí wọ́n pè wá fún iṣẹ́ agùnbánirọ̀, mo sì ń bá a tọ́jú àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ yẹn ló ń bọ́ wa. Ju ìyẹn lọ, àwọn ni ìyá mi fi ń tu ara rẹ̀ nínú lẹ́yìn ikú bàbá mi. Ọjọ́ Sunday tí kò sí ọmọ nílé, kì í mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó gbọ́ ìyókù.

Ọ̀sán kan báyìí ni ọkùnrin kan wọlé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ń dán, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá mi. Ó ní olóòtú fíìmù lòun, òun ń wá ilé tí àwọn máa lò. Ó yí ilé wa po. Ó wo òkè, ó fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù, ó yọjú sínú kànga tó wà lẹ́yìnkùlé, inú rẹ̀ ń dùn ṣáá. Ó ní, "Mummy, ilé yín yìí gan-an ni mò ń wá. Mo ti rìn dé Anthony, mo ti rìn dé Ọ̀jọ́ta, àwọn ilé ibẹ̀ ti dáa jù." Ó yẹ kí n ti bi í nígbà yẹn pé irú ìtàn wo ló ń sá fún ilé tó dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló pa èmi àti ìyá mi.

Ìyá mi bi í pé kí ni ìtàn náà dá lé. Ó ní ìtàn obìnrin kan tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ni. Ó ní obìnrin jẹ́jẹ́ ni, gbogbo àdúgbò ló fẹ́ràn rẹ̀, nígbà tó yá ni wọ́n wá fẹ̀sùn kàn án. Ẹ wo bí ó ṣe rọra gé ìtàn náà síbi tó dùn. Ìyá mi fọwọ́ lé àyà, ó ní, "Èmi gan-an rèé." Ẹ má bú u. Ìyá mi fẹ́ràn fíìmù kọjá bó ṣe yẹ, ó máa ń bá àwọn òṣèré sọ̀rọ̀ nínú tẹlifíṣàn, ó máa ń kìlọ̀ fún ìyàwó ilé pé kó má jẹ oúnjẹ tí orogún rẹ̀ gbé wá. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wá ya ìtàn ìgbésí ayé òun nínú pálọ̀ òun.

Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ wọ́n. A ní pátákó kan lẹ́nu géètì, aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n ya ọmọ tó ń sùn sí i, wọ́n kọ orúkọ jẹ́lé-ó-sinmi náà gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí pátákó náà hàn nínú fíìmù, àti pé nígbà tí fíìmù bá parí, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ ọ́ pé a dúpẹ́ lọ́wọ́ lágbájá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ tàmẹ̀dù, kí wọ́n kọ orúkọ iṣẹ́ òun àti àdúgbò wa síbẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé àwọn èèyàn á rí i, ọmọ á tún pọ̀ sí i. Olóòtú ní, "Ìyẹn ò ní wàhálà rárá, Mummy. Á hàn kedere." Ó sì hàn kedere, kí n má purọ́ mọ́ ọn.

Nígbà tí wọ́n dé, gbogbo àdúgbò dé pẹ̀lú wọn. A kó àwọn ọmọ wa lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kejì, torí àwọn oníṣẹ́ náà ti kó àwọn ọmọ tiwọn wá láti ibòmíràn. Ìyẹn dun àwọn ìyá ọmọ. Wọ́n ń kùn pé kí ló dé tí wọn ò lo ọmọ àwọn, ṣé ọmọ àwọn ò lẹ́wà tó ni. Àwọn tó yẹ kó wà ní Mile 12 kò lọ, wọ́n gun fẹ́ǹsì, wọ́n dúró sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń na ọrùn. Òṣèrébìnrin tó máa ṣe obìnrin alágbàtọ́ náà jókòó sórí àpótí ìdáná wa kan, ó jẹ búrẹ́dì. Nígbà tó dìde, àwọn obìnrin méjì ń jà sí ẹni tó máa kọ́kọ́ jókòó sórí àpótí náà. Àpótí tí a ti ń jókòó lé láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò kà sí.

Àwọn eléré Yorùbá ìgbà yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé aṣọ rìn. Aṣọ onílé ni wọ́n ń yá. Òṣèrébìnrin yẹn wo bùbá kan lórí okùn, bùbá àǹkárá olómi aró tí ìyá mi máa ń wọ̀ ṣe iṣẹ́, ó ní, "Mummy, ẹ yá mi ní èyí, òun ló jọ ẹni tó ń tọ́jú ọmọ." Ìyá mi ká a fún un tayọ̀tayọ̀, ó tún yọ gèlè tó bá a mu. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ó kọ́ ọ bó ṣe máa ń rẹ ọmọ tó ń sunkún, ohùn kan báyìí tó máa ń fà láti inú imú, tí àwọn ọmọ ilé wa á gbọ́ tí wọ́n á dákẹ́. Òṣèrébìnrin náà ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e títí ó fi mọ̀ ọ́n. Mo rántí pé ìyá mi pè mí láti ìdáná pé kí n wá gbọ́, pé ó ti ń rí bíi tòun.

Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ èrò tó máa wá ya bo ilé náà. Wákà-páàsì ni wọ́n ń pe irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, àwọn tó kàn ń kọjá nínú eré. Kò pẹ́ tí wọ́n rí wọn. Ìyá aláta tó ń gbé ní òdìkejì ilé wa ló ṣíwájú. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ìyá mi tó pẹ́ jù ni, ẹ̀yìn ìyá mi ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan, máa ń sùn sí lójoojúmọ́, kò gbà láti sùn síbòmíràn. Wọ́n gbé ọmọ odó lé Ìyá aláta lọ́wọ́, wọ́n ní kó fi lu géètì wa kó sì máa pariwo pé "Ẹ mú un jáde, ẹ jẹ́ ká dáná sun ún." Ó ṣe é débi pé olùdarí pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá mi náà pàtẹ́wọ́. A rò pé wọ́n ń fẹ̀sùn èké kan obìnrin dáadáa yẹn ni, ohun tí olóòtú jẹ́ ká rò nìyẹn. Ohun tí a ò mọ̀ ni ohun tí wọ́n lọ yà ní òkè, torí wọ́n ní àyè ò gbà wá níbẹ̀, pé iná àti wáyà ti kún ibẹ̀.

Síídì rẹ̀ jáde. Wọ́n ń pàtẹ rẹ̀ ní ìdí ọkọ̀ Kẹ́tú, a lọ rà á, gbogbo àdúgbò sì kún pálọ̀ wa ní ìrọ̀lẹ́ láti wò ó. Ìbẹ̀rẹ̀ dára. Obìnrin náà ń gba ọmọ lẹ́nu géètì pẹ̀lú ẹ̀rín. Pátákó wa yọ, ó kún ojú tẹlifíṣàn, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, ìyá mi dìde dúró ó kúnlẹ̀ fún wọn bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Nígbà tó yá, obìnrin náà pọn ọmọ kan gòkè. Òkè wa. Àwọn yàrá búlọ́ọ̀kù tí kò ní fèrèsé, àwọn ọmọ tí wọ́n fi okùn so mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ nínú igbá. Ọmọ kan ń ké, obìnrin náà wọ bùbá ìyá mi, ó fa ohùn ìyá mi láti inú imú, ohùn tó kọ́ lọ́dọ̀ ìyá mi gan-an, ó rẹ ọmọ náà títí ó fi dákẹ́, ó wá pa á. Ó fi ọmọ ṣòògùn owó. Kànga wa ló ju ìyókù sí.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí èrò dé pẹ̀lú ọmọ odó, àwọn ló ṣe rere nínú ìtàn náà, obìnrin náà sì sá lọ kí apá kejì lè wà. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, wọ́n tún wá kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ jẹ́lé-ó-sinmi báyìí, ní àdúgbò báyìí, ní Ìkòsí. Ìyá mi ń wo ibẹ̀ títí ojú tẹlifíṣàn fi dúdú. Ìyá aláta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Èmi ni mo mú ọmọ odó lọ́wọ́ yẹn o. Ṣé ẹ rí mi?"

Ọjọ́ kejì ni mo pe olóòtú lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kọ sínú ìwé, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Sister, ẹ ṣe sùúrù. Ṣebí Mummy fúnra wọn ló ní ká jẹ́ kí pátákó wọn hàn." Mo ní ṣé wọ́n sọ fún Mummy pé apànìyàn ló máa ti abẹ́ pátákó náà wọlé. Ó ní eré lásán ni, pé kò sí ọmọ Nàìjíríà tí kò mọ̀ pé eré lásán ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń pa mí lára jù títí dòní, torí òótọ́ ni. Gbogbo wọn mọ̀.

Wọ́n mọ̀, wọ́n sì kó ọmọ wọn lọ. Kò sẹ́ni tó sọ pé nítorí fíìmù ni. Ọ̀kan ní ìyá òun ti dé láti Ìlàró, pé òun ni á máa tọ́jú ọmọ. Ọ̀kan ní ọkọ òun ní kí òun máa gbé ọmọ dání lọ sọ́jà, nínú oòrùn àti èéfín tírélà. Ọ̀kan kàn dáwọ́ dúró ni, tó bá rí ìyá mi lójú ọ̀nà á yà sí títì kejì. Pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Ìyá mi á ṣí géètì lásìkò tó máa ń ṣí i, ní àfẹ̀mọ́júmọ́, á dúró pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn, á máa kí àwọn obìnrin tó ń kọjá lọ sọ́jà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wọn. Wọ́n á dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n á fa ìró wọn bo orí ọmọ.

Èmi ò lè fara dà á. Mo lọ bá Ìyá aláta nílé rẹ̀. Mo ní, "Aunty, ṣebí ẹ wà níbẹ̀. Ẹ rí ọ̀dà pupa àti mílíìkì tí wọ́n ń pò, òun ni wọ́n pè ní ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ẹ rí àwọn ọmọ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ yẹn bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ tí wọ́n ń jẹ bisikíìtì." Kò jiyàn. Ó ní, "Àbúrò mi, mo mọ̀ pé eré ni. Mo mọ̀ pé Mummy ò lè pa eèrà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dé ọjà báyìí, tí mo bá rántí yàrá òkè yẹn, ọkàn mi ò ní balẹ̀ mọ́. Èmi kọ́, ọkàn mi ni." Mo bi í bóyá ọkàn rẹ̀ mọ ẹni tó tọ́jú ọmọ rẹ̀ nígbà tí èéyi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ náà. Ó tún bu omi sí abọ́ tó ń fọ̀.

Èyí tó tún wá ń múni bínú ni pé bí ọmọ ṣe ń dín kù ni àlejò ń pọ̀. Wọ́n ti rí orúkọ àdúgbò wa nínú ìdúpẹ́. Wọ́n ń ti Anthony wá, wọ́n ń ti Ikorodu wá, àwọn ọmọ iléèwé gíga, àwọn ọ̀rẹ́kùnrin pẹ̀lú ọ̀rẹ́bìnrin wọn. "Ṣé ibí yìí ni?" Wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á fi ọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú bí ẹni tó ń bẹ̀rù. Wọ́n á bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí àwọn wo kànga náà. Ọmọbìnrin kan bi ìyá mi, pẹ̀lú ẹ̀rín, bóyá òun ni obìnrin inú fíìmù náà gan-an. Onípíọ́wọ́tà kan gbé kúlà rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa torí àwọn tó ń wòran. Àwọn èèyàn yìí ò bẹ̀rù ilé wa rárá, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn tó bẹ̀rù rẹ̀ ni àwọn tó ti jẹun nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ yọ pátákó náà. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní tí òun bá yọ ọ́, á dà bí ẹni tó jẹ̀bi. Ó ń gbá pálọ̀, ó ń sá ẹní, ó ń se ògì tí kò sí ọmọ tó máa mu ún tán, èmi ni mò ń mu ún. Nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́, á mú ọ̀kan nínú àwọn ìborùn tí wọ́n gbàgbé sílẹ̀, á fọ̀ ọ́, á ká a. Ó sọ fún mi pé ọkọ òun kú, òun gbà. Èyí òun ò lè gbà, torí kò sẹ́ni tó kú.

Olóòtú yẹn tún padà wá. Ojú kì í tì í. Apá kìíní ti tà gan-an, ó fẹ́ ya apá kejì, ó sì ní àwọn tó ń wo fíìmù ti mọ ilé náà, pé àwọn ò lè lo òmíràn. Èmi ti gbé ìgbálẹ̀ láti fi lé e jáde, ìyá mi ní kí n gbé e sílẹ̀. Ó bu omi fún ọkùnrin yẹn mu. Ó wá sọ fún un pé òun á jẹ́ kí wọ́n lo ilé náà tí wọ́n bá máa fi ìran kan sí apá kejì, ìran tí àwọn aládùúgbò á ti wá bẹ obìnrin náà, tí wọ́n á mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn, pé ẹlòmíràn ló ń jí ọmọ. Olóòtú ronú díẹ̀, ó ní èrò tó dáa gan-an nìyẹn, pé ó máa dùn nínú ìtàn. Ó fi Ọlọ́run búra. Kí n kúkú sọ ọ́ tán níbí: ìran yẹn ò sí nínú apá kejì. N ò rò pé wọ́n tiẹ̀ yà á.

Ó ní ohun kan ló kù. Àwọn nílò ọmọ lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ púpọ̀, ọmọ kéékèèké, nítorí òkú àwọn ọmọ náà ló ń padà wá dẹ́rù ba obìnrin náà. Ó jáde sí àdúgbò, ó kéde rẹ̀.

Ẹ gbà mí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó fọ ojú, géètì ti kún. Gbogbo wọn ló wá. Ẹni tí ìyá rẹ̀ dé láti Ìlàró wá. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ní kó máa gbé ọmọ lọ sọ́jà wá. Wọ́n ti wẹ ọmọ, wọ́n ti di irun, wọ́n ti fi pọ́ńdà sí wọn lọ́rùn, àwọn mìíràn wọ aṣọ Iléyá fún tiwọn. Ọmọ tí wọ́n ń fi ìró bò lórí tí wọ́n bá ń kọjá níwájú ilé wa, wọ́n ń tì í wọlé níwájú ọmọ ẹlòmíràn kí kámẹ́rà lè tètè rí i. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ kí ìyá mi lé wọn. Mo gbàdúrà pé kó lé wọn.

Ìyá mi ò lé wọn. Àwọn ọmọ náà ti rí i, wọ́n ti ń sáré bọ̀. Wọ́n lẹ̀ mọ́ ìró rẹ̀. Wọ́n lọ sí ibi ẹní wọn, oníkálukú sí ibi tó máa ń jókòó sí, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ojú rẹ̀ fún ògì. Ó lọ bù ú wá. Ó pẹ́ tí mo ti rí i tó rìn kíákíá bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ọmọ Ìyá aláta ò jókòó ní tiẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn ìyá mi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè pé kó pọn òun.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya eré, nǹkan ò lọ. Olùdarí fẹ́ kí àwọn ọmọ náà sunkún, kí wọ́n sá fún obìnrin tó wọ bùbá. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òṣèrébìnrin náà bojú jẹ́, ó pariwo mọ́ wọn, wọ́n bojú wo ìyá mi tó dúró nínú igun, wọ́n rí i pé ó wà níbẹ̀, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín. Olùdarí ní káàtì, káàtì, títí ó fi sú u. Ó wá tọ ìyá mi lọ, ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ bá wa jáde sí ìta. Bí wọ́n bá ṣì ń rí yín, ẹ̀rù ò lè bà wọ́n." Gbogbo àwọn ìyá ọmọ tó wà lójú fèrèsé ló gbọ́ ọ. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ó kéré tán, ọ̀rọ̀ yìí á wọ̀ wọ́n lára. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mummy, ẹ tètè jáde, kí ilẹ̀ má lọ ṣú bá wọn."

Ìyá mi jáde, ó lọ jókòó lẹ́bàá kànga. A gbọ́ tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nínú ilé, ẹkún gidi, kì í ṣe ti eré. Èmi bú olùdarí, mo bú olóòtú, mo bú àwọn tó wà lójú fèrèsé, kò sẹ́ni tó gbọ́ torí ariwo jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí wọ́n ní ó ti tó, ìyá mi dìde, ó wọlé, ó fa ohùn rẹ̀ yẹn láti inú imú, wọ́n sì dákẹ́. Ó pọn ọmọ Ìyá aláta. Ọmọ náà sùn lọ kí wọ́n tó ká wáyà tán.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin ń mú ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá aláta ló gbẹ̀yìn, ó ń bá òṣèrébìnrin náà ya fọ́tò. Ó wá, ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó ní ẹ kú wàhálà ọmọ. Ìyá mi ò tíì tú ọmọ náà. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti ń ro ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ láti ọ̀sán. Ó ní, "Ìyá aláta, ṣé kí n máa retí rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la?"

Inú Ìyá aláta dùn. Ó ní, "Háà, Mummy, ṣé wọ́n ṣì máa yà á lọ́la ni?"

Ìyá mi ní rárá, wọ́n ti parí. Ó tú ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀, ó rọra ṣe é kó má bàa jí, ó sì gbé e fún un.